Ọ̀nà Jíjìn sí Ilé-Ẹ̀kọ́: Ohun tí ó Yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́,

A ti kọ́ wa bí a ti ń pe orúkọ ọmọ ní òwúrọ̀, bí a ti ń kọ̀wé sí ojú pátákó kí ó lè hàn kedere, bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ àti bí a ti ń fi sùúrù dúró de ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà kọ́, tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ kí ó tó rí ojú wa rárá. Ohun náà ni ọ̀nà tí ó gbà wá. Ète mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni láti fi yé wa pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ láti ìgbà tí ó ti jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òbí rẹ̀, kí a tó lu agogo. Àti pé olùkọ́ tí kò mọ ọ̀nà tí ọmọ ń rìn kò tí ì mọ ọmọ náà tó láti dá a lẹ́jọ́ nígbà tí ó bá pẹ́ dé.

I. ÈJÌGBÒ ÀTI Ọ̀NÀ RẸ̀

Kí ọ̀rọ̀ mi má ba à jẹ́ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, èmi yóò fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Èjìgbò ni ìlú náà. Kì í ṣe Èjìgbò ti ilẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Ogìyán ti ń jọba, ni mo ń wí. Èyí tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, tí a sì sọ di agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ní ọdún 2003. Ìkòtún wà ní apá kan rẹ̀, Ìsọlọ̀ sì wà ní apá kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Èjìgbò lọ sí Òṣòdì a máa sábà gba Òkè-Afá, a gba Ìsọlọ̀, kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà ńlá tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀nà yìí, láti Èjìgbò dé Òṣòdì kò tó kìlómítà 10. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rìn ín ní nǹkan bí wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dé, ọkọ̀ tí a fi owó wọ̀ lè pẹ́ lójú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò fi máa kọjá lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi èyí sí ọkàn: wákàtí ni a fi ń wọn ọ̀nà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá, kì í ṣe máìlì. Ọmọ méjì lè máa gbé ní ibi tí ó jìnnà bákan náà sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀kan dé ní ìṣẹ́jú 20, kí èkejì sì lo wákàtí kan àti ààbọ̀.

Bí a bá wo ìrìn náà dáadáa, a ó rí i pé ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní ni ìrìn láti ilé dé ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀. Ní ìgbà kan rí, ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ láti inú àdúgbò jáde sí títì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, Èjìgbò sì wà nínú rẹ̀. Ìdí tí ìjọba sọ ni ààbò ẹ̀mí àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀mí ọmọ kò ju ìyára lọ. Síbẹ̀, níbi tí òfin náà ti múlẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kò sì dé, ẹsẹ̀ ọmọ ni ó gba iṣẹ́ náà.

Èkejì ni ìdúró. Ọmọ a dúró ní ibùdókọ̀, a máa wo àwọn àgbà tí ń fi agbára wọ ọkọ̀ níwájú rẹ̀. Apá rẹ̀ kò tó tiwọn, àpò ìwé sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ gbé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí owó rẹ̀ kéré.

Ẹ̀kẹta ni ìjókòó nínú ọkọ̀. Ní Èjìgbò, ibùdó ńlá kan wà tí àwọn ọkọ̀ agbépo ti ń wá gbé epo. Nígbà tí ọkọ̀ wọ̀nyí bá tò sí ẹ̀bá títì, ọ̀nà a há fún gbogbo ènìyàn. Ìgbà òjò tún ń fi omi kún un.

Ẹ̀kẹrin ni ìrìn ìkẹyìn, láti ibi tí ọkọ̀ bá já ọmọ sí dé ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́. Ìrìn yìí a máa kúrú, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ọmọ ti sábà máa ń la títì ńlá kọjá, nígbà tí ó ti mọ̀ pé òun ti pẹ́, tí ó sì ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀nà mẹ́rin wọ̀nyí, nítorí a ó tún lò wọ́n.

II. BÍ Ọ̀NÀ TI DI GÍGÙN

Ìrìn jíjìn sí ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ní ìlú tí ìjọ wà ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, àwọn ọmọ abúlé a sì máa ti oko wọn rìn wá. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí ó di olùkọ́ àti àlùfáà ni ó fi ẹsẹ̀ gbá ìrì òwúrọ̀ kí wọn tó mọ A, B, D.

Ìyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, nígbà tí Olóyè S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ pé kí gbogbo ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955 wọ́n di 811,432. Èjìgbò, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì kò sí lára ìlú Èkó nígbà náà; abẹ́ Ìkejà ti Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Nítorí náà, ètò ọdún 1955 kàn wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ni ètò yìí mú kúrò lọ́nà: owó ilé-ẹ̀kọ́, àti jíjìnnà. Bí a bá sọ pé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n tí a kò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun sí ìtòsí, ọmọ tí ó wà ní oko kò ní jẹ nínú ọ̀fẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, Èkó gbòòrò. Ènìyàn pọ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi ń pín ọmọ sí ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán, tí ọmọ tí ó lọ ní ọ̀sán sì ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí gbogbo ọmọ lè máa lọ ní òwúrọ̀. Àwọn ènìyàn kan fi ilé wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé wọn kò ga, wọn kò sì dán. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi òkùnkùn wọlé mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Ìjọba rẹ̀ kan náà ni ó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní Òkè-Afá.

Kí ni ó dé tí ọ̀nà tún fi gùn fún ọmọ Èjìgbò? Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Ìdí kìíní ni owó ilé. Bí owó ilé bá gbówó lórí ní ibi kan, ìdílé a kó lọ sí ibi tí ó rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kì í fẹ́ mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti mọ̀ ní àárín ọdún, nítorí náà ilé kó, ilé-ẹ̀kọ́ kò kó. Ìdí kejì ni ìfẹ́ àwọn òbí. Òbí a máa wá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní orúkọ rere, tàbí èyí tí ó wà nítòsí ibi iṣẹ́ wọn, kí wọn lè jọ máa lọ. Ìdí kẹta ni pé ilé-ẹ̀kọ́ girama kò pọ̀ tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbikíbi. Ọmọ tí ó ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ilé wọn lè di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ méjì ní ọjọ́ tí ó bá pé ọmọ ọdún 11.

Sí ìdí mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ kí a fi owó ọkọ̀ kún un. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú ìrànwọ́ lórí epo kúrò ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan, tí kò tó náírà 200 ní Èkó, di náírà 488 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún ń gòkè lẹ́yìn náà. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e. Ọmọ tí ń wọ ọkọ̀ méjì di ẹni tí ń wọ ọ̀kan, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ti Agbádó lọ sí Òyìngbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ń dúró ní Òṣòdì, ó sì jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba Èjìgbò kọjá. Ọmọ Èjìgbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Òṣòdì ná.

III. OHUN TÍ Ọ̀NÀ Ń GBÀ LỌ́WỌ́ ỌMỌ

Ó ń gba àkókò. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Kí a sọ pé ọmọ kan lo wákàtí kan àti ààbọ̀ láti ilé dé ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì lo iye kan náà láti padà. Wákàtí 3 nìyẹn ní ọjọ́ kan, àti 15 ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, sáà mẹ́ta jẹ́ ọ̀sẹ̀ 36, ọmọ náà yóò sì lo wákàtí 540 lójú ọ̀nà. Bí a bá ń kọ́ ọmọ fún wákàtí 6 lójúmọ́, wákàtí 540 jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ 90, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ tí a kà yìí kò ju ọjọ́ 180 lọ. Ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ ni ó ń rìn. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 6 ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọdún ẹ̀kọ́ 3 ni ó fi rin ọ̀nà.

Ó ń gba oorun. Ní ọdún 2016, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí nípa oorun sọ pé ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kí ó sùn fún wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, kí ọmọ ọdún 13 sí 18 sì sùn fún 8 sí 10. Ọmọ ọdún 11 tí ó gbọ́dọ̀ jí ní ago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ti sùn ní ago méje ààbọ̀ alẹ́ kí ó tó lè rí wákàtí 9. Ní ago méje ààbọ̀ alẹ́, ọ̀pọ̀ ìyá ní Èkó ni kò tí ì ti ọjà dé, oúnjẹ alẹ́ kò sì tí ì jinná. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ tí ó ń tòògbé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ jí nínú gbogbo kíláàsì, tí ó sì jí ṣáájú ẹ̀yin tìkára yín.

Ó ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé jàǹbá ojú pópó ni ó ń pa ènìyàn jù lọ láàárín àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 5 sí 29. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ewu. Láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ní Òkè-Afá, odò kan wà tí a gbẹ́ láti máa gba omi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkejà, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìpayà sá lọ sí ìhà Òkè-Afá nínú òkùnkùn. Ewé ojú omi ti bo odò náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè rò pé ilẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú sínú rẹ̀, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. A kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ń kọ́ wa pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí ó ń rìn: ibi tí omi wà, ibi tí afárá wà, ibi tí a kì í gbà ní alẹ́.

Ó sì lè gba ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ pátápátá. Ọmọ kì í sábà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. A máa pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, a jẹ ẹgba. A pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì, a tì í mọ́ ìta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ó bá ti rí i pé òun ti pẹ́, kò ní dé ẹnu géètì mọ́, yóò dúró ní ọjà tàbí ní ìdíkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń rí i tí wọn sì ń fún un ní iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé.

IV. OHUN TÍ A RÍ NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Kí a má ba à rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn olùwádìí rí níbòmíràn, ní ibi tí ẹsẹ̀ nìkan ni ọmọ fi ń rìn.

Ní ilẹ̀ Afganísítánì, ní ìgbèríko Ghor, Dana Burde àti Leigh Linden ṣe ìwádìí ní abúlé 31, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 2013. A dá ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké sílẹ̀ nínú abúlé kan, a sì mú kí àwọn abúlé mìíràn dúró dìgbà díẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi máìlì kan jìnnà sí i, àwọn ọmọ tí ń lọ a fi nǹkan bí 16 dín nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ọmọbìnrin sì ń dín ju ti ọkùnrin lọ. Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wọ abúlé, àwọn ọmọbìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkùnrin dọ́gba ní lílọ.

Ní Bihar, ní ilẹ̀ Íńdíà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 sí fún ọmọbìnrin tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní owó láti ra básíkùlù. Karthik Muralidharan àti Nishith Prakash ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 2017 pé àwọn ọmọbìnrin tí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama fi 32 pọ̀ sí i nínú ọgọ́rùn-ún, pàápàá ní abúlé tí ilé-ẹ̀kọ́ jìnnà tó kìlómítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Sáńbíà bákan náà, nígbà tí a fún àwọn ọmọbìnrin ní básíkùlù, àkókò tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, àìwá sí ilé-ẹ̀kọ́ fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dín, pípẹ́ dé sì fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín.

Ẹ wo ẹ̀rí ìkẹyìn yìí dáadáa. Nínú gbogbo ètò yìí, a kò fi kún ẹgba, a kò sì fi dín in. Ọ̀nà ni a tún ṣe fún àwọn ọmọ náà, pípẹ́ dé sì ṣí kúrò. Èmi kò sọ pé kí a fi básíkùlù sí ojú títì Ìsọlọ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ là á já. Ohun tí mo ń sọ ni pé àrùn tí ó wà ní ọ̀nà, a kì í fi egbòogi ìwà wò ó.

V. OHUN TÍ OLÙKỌ́ LÈ ṢE

Olùkọ́ kò lè kọ́ afárá, kò sì lè lé ọkọ̀ agbépo kúrò ní títì. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

1. Kí ó ní Ìwé Ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà, kí ó fa ilà sí inú ìwé kan, kí ó sì kọ nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan: àdúgbò tí ó ń gbé, ẹni tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ago tí ó ń jáde nílé, ìṣẹ́jú tí ó ń lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀nà mẹ́rin tí a ti kà sílẹ̀, iye owó ọkọ̀ rẹ̀, títì ńlá àti omi tí ó ń là kọjá, àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà kan. Kí ó béèrè ní ìdákọ́ńkọ́, nítorí ojú a máa ti ọmọ láti sọ ní gbangba pé òun kò ní owó ọkọ̀. Ìbéèrè ni kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ pàápàá lè ṣìnà nínú kíláàsì tirẹ̀ bí kò bá béèrè.

2. Kí ó fi ìwé náà ṣe ìdájọ́. Bí ọmọ tí ilé rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ bá pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ kí a ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́fà láti ìhà Èjìgbò bá pẹ́ ní ọjọ́ kan náà, a mọ̀ pé ọ̀nà ni ó pẹ́. Bí ọmọ kan tí kì í pẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ lójijì, ohun kan ti yí padà ní ilé rẹ̀: bóyá wọ́n ti kó, bóyá owó ọkọ̀ ti tán, bóyá ìyá ń ṣàìsàn.

3. Kí ó gba ẹni tí ó pẹ́ wọlé pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́. Kí ọmọ náà kí olùkọ́, kí ó jókòó, kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ojú ìwé hàn án. Ìbéèrè yóò tẹ̀ lé e ní ìgbà ìsinmi. Ọmọ tí ó ti pàdánù ìṣẹ́jú 15 lójú ọ̀nà, tí a sì tún mú kí ó kúnlẹ̀ ní ìta fún ìṣẹ́jú 30, àwa ni a gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Kí ó to iṣẹ́ òwúrọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, kí ó fi àtúnyẹ̀wò àná tàbí ìwé kíkà síbẹ̀, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun tí gbogbo ìyókù ọjọ́ náà yóò dúró lé lórí.

5. Kí ó ṣọ́ra nípa dídá ọmọ dúró lẹ́yìn ìparí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyà wákàtí kan fún ọmọ tí ilé rẹ̀ wà ní ìtòsí jẹ́ ìyà wákàtí kan. Fún ọmọ tí ó jìnnà, ó lè mú un bọ́ sí àárín ọ̀pọ̀ èrò ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fi òkùnkùn wọlé. Kí olùkọ́ wo ojú sánmà pẹ̀lú ní ìgbà òjò kí ó tó dá ẹnikẹ́ni dúró.

6. Kí ó dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù fún ẹni tí ó jìnnà, tàbí kí ó fún un ní àyè láti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìgbà ìsinmi.

7. Kí ó so àwọn ọmọ tí ń gba ọ̀nà kan náà pọ̀, kí àgbà nínú wọn máa mú kékeré dání. Ọmọ mẹ́rin tí ó jọ dúró ní ibùdókọ̀ sàn ju ọmọ kan lọ, ẹni ibi kì í sì í yára súnmọ́ wọn.

8. Kí ó sọ ọ̀nà di ẹ̀kọ́. Jẹ́ kí ọmọ ya àwòrán ọ̀nà rẹ̀, kí ó fi odò, afárá, ilé ìwòsàn àti àgọ́ ọlọ́pàá hàn. Jẹ́ kí ó ṣe ìṣirò owó ọkọ̀ rẹ̀ fún sáà kan. Jẹ́ kí ó kọ àròkọ lórí ohun tí ó rí ní òwúrọ̀. Báyìí ni a ó gba díẹ̀ padà nínú wákàtí 540 tí ọ̀nà gbà.

9. Kí ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Bí a bá rí ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní ìtòsí ilé rẹ̀, kí a fi sùúrù gba àwọn òbí rẹ̀ níyànjú ní òpin ọdún láti mú un lọ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rere ni tí àwa kò fẹ́ pàdánù. Bí a bá sì rí i pé ọmọ 40 láti àdúgbò kan ń rin ìrìn wákàtí kan, iye yìí ni kí ọ̀gá mú lọ bá àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́. Ẹjọ́ tí a fi iye gbé kalẹ̀ a máa wúwo ju ẹkún lọ.

VI. ÌDÁHÙN SÍ ÀTAKÒ

Ẹnì kan lè wí pé, “Bí a bá ṣe báyìí, gbogbo ọmọ ni yóò fi ọ̀nà ṣe àwáwí, ìbáwí yóò sì parẹ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, nítorí ọmọdé gbọ́n, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ láti pa àkókò mọ́. Ṣùgbọ́n àwáwí a máa gbilẹ̀ níbi tí olùkọ́ kò ti mọ nǹkan. Ẹni tí ó ní Ìwé Ọ̀nà lọ́wọ́ mọ̀ pé ilé Ọ̀gbẹ́ni yìí kò jìnnà, irọ́ kò sì lè pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí kò ní in ni yóò na ọmọ méjì bákan náà, ẹni tí ó ń ṣeré lójú ọ̀nà àti ẹni tí ó ti jí láti ago mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olùkọ́ tí ó fi pàṣán ṣáájú ìbéèrè kò tilẹ̀ tí ì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Àwọn bàbá wa rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì kú.” Lóòótọ́ ni wọ́n rìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé ibi tí wọ́n ń lọ nìkan ni ó kù láti sọ ìtàn fún wa. Àwọn tí ọ̀nà dá padà sí oko kò kọ ìwé sílẹ̀. Àwọn tí ó rìn jìnnà náà ni ó sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí ìtòsí fún àwọn ọmọ wọn nígbà tí agbára dé ọwọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNWÒ ARA ẸNI

(a) Kí ni ọ̀nà mẹ́rin tí ìrìn ọmọ pín sí? Èwo nínú wọn ni olùkọ́ lè ràn án lọ́wọ́ jù?
(b) Ṣe ìṣirò wákàtí tí ọmọ tí ń lo ìṣẹ́jú 50 ní àlọ àti 50 ní àbọ̀ yóò lò ní ọ̀sẹ̀ 36.
(d) Kí ni ìdí tí ìyà kan náà kò fi dọ́gba fún ọmọ tí ó wà ní ìtòsí àti ẹni tí ó jìnnà?
(e) Ya ojú ewé kan nínú Ìwé Ọ̀nà fún kíláàsì tí ìwọ yóò lọ kọ́ ní ìgbà ìdánrawò rẹ.

Ẹ̀yin ará, kò ní pẹ́ tí a ó fi jáde lọ sí ẹnu iṣẹ́, a ó sì dúró ní ẹnu géètì ní òwúrọ̀ bí àwọn olùkọ́ wa ti ń ṣe. Àwọn ọmọ yóò máa sáré bọ̀, bàtà wọn yóò ti kún fún ẹrẹ̀. Kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán, kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.